ÌTÀN SÁTẸ́LÁÌTÌ NÀÌJÍRÍÀ: TA LÓ Ń PÈSÈ ÈYÍ TÓ KÀN SÍLẸ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọ̀rọọ̀rún. Ọ̀rọ̀ ọ̀la ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n inú ìtàn àná ni mo ti fẹ́ yọ ọ́ jáde.

Ẹ mọ̀ pé nígbàkígbà tí ìròyìn bá dé láti ilé pé ìjọba fẹ́ rán sátẹ́láìtì tuntun lọ sójú òfurufú, àríyànjiyàn kì í pẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan á ní àṣejù gbáà ni, pé ilé ìwòsàn tí kò ní iná ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Àwọn mìíràn á ní kí a má jẹ́ kí ayé fi wá sílẹ̀. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kò dùn mí. Síbẹ̀, bí a bá tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ìjọba, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó ṣáájú: nígbà tí èyí tó wà lókè bá parí iṣẹ́ rẹ̀, ta ló ti pèsè èyí tó kàn sílẹ̀?

Ìgbà tí a jẹ́ olùgbàlejò

Kí Nàìjíríà tó ní sátẹ́láìtì tirẹ̀ rárá ni ilẹ̀ wa ti lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ òfurufú. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń múra láti rán ènìyàn lọ yípo ayé, wọ́n nílò àwọn ibùdó káàkiri àgbáyé tí yóò máa bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ bó ṣe ń kọjá lókè. Kánò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ 20, oṣù kejì, ọdún 1962, tí John Glenn yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹta, ibùdó Kánò wà lára àwọn tó ń tọpa rẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó kan Èkó. Amẹ́ríkà rán sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ Syncom 2 sókè ní oṣù keje ọdún 1963. Nígbà tó di ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, Ààrẹ Kennedy gbé tẹlifóònù ní Washington, ó sì bá Olórí Ìjọba wa, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, tó wà ní Èkó, sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kingsport ló gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó tó ń gba ohùn náà láti òkè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: sátẹ́láìtì, ti Amẹ́ríkà, rọ́kẹ́ẹ̀tì, ti Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tó gba ohùn, ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọkọ̀ náà fa ìdákọ̀ró rẹ̀ sókè, ohun gbogbo bá a lọ. Àwa ni onílé, àlejò ló ni ẹrù.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ìjọba ní ibùdó tirẹ̀ ní Lánlátẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tó ń gba ìpè láti òkè òkun nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílùú òyìnbó, tí ẹ máa ń to owó ẹyọ jọ kí ẹ tó wọ inú àpótí tẹlifóònù láti kí ìyá yín, ó ṣeé ṣe kí ohùn yín ti gba Lánlátẹ̀ kọjá. Lónìí, NITEL tó jogún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti kógbá sílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ ohun tí a ní tí a kò pèsè àrólé fún.

Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Addis Ababa

Inú ilé ẹ̀kọ́ ni ìmọ̀ ti kọ́kọ́ ta gbòǹgbò. Ní ọdún 1972, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí a mọ̀ sí RECTAS, láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí a ṣe ń fi àwòrán tí a yà láti òkè ṣe máàpù ilẹ̀. Ní ọdún 1976, níbi ìpàdé àwọn ìjọba Áfíríkà ní Addis Ababa, Nàìjíríà kéde pé òun náà yóò wọ iṣẹ́ òfurufú. Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí i pé kí ibùdó ìwòran ilẹ̀ láti òkè wà ní Jos. Ní ọdún 1998, Ilé-Ifẹ̀ tún gba ibùdó kejì, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe onígbọ̀wọ́ fún, láti máa kọ́ni ní ìmọ̀ òfurufú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó wá di ọdún 1999 ni ìjọba dá NASRDA sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó gbogbo iṣẹ́ òfurufú Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Boroffice, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni olùdarí àgbà àkọ́kọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1976 tí a ti sọ ọ́ lẹ́nu, títí di 1999 tí a dá àjọ sílẹ̀, ọdún 23 ni. Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ ìkéde ti parí yunifásítì.

Èyí àkọ́kọ́

Lẹ́yìn tí àjọ ti wà, iṣẹ́ yá. Ilé iṣẹ́ Surrey Satellite Technology, tó wà ní Guildford, tí kò jìnnà sí London níhìn-ín, ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti Nàìjíríà wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 13 dọ́là ni wọ́n ní ó ná wa. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Rọ́ṣíà gbé NigeriaSat-1 sókè láti Plesetsk. Kò wúwo ju nǹkan bí kílógíráàmù 100 lọ, bí ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ohun tó bá fẹ̀ tó mítà 32 lórí ilẹ̀ ni kámẹ́rà rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀.

Kò dá wà lókè. Sátẹ́láìtì Àlùjíríà, ti Tọ́kì àti ti Bìrìtìkó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì jọ ń ya àwòrán ibi tí àjálù bá ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, NigeriaSat-1 wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ya àwòrán ibi tí omi bò. Ilẹ̀ tí Kennedy pè lórí tẹlifóònù ní 1963 ló wá ń fi àwòrán ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ọdún 5 ni wọ́n dá fún un, ó sì lò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń pète rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tí iná bá jáde lábẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn dà bí ọjọ́ ìkómọjáde: oyún ti wà tipẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ rán an. Èyí tí yóò ya àwòrán gbọ́dọ̀ wà nítòsí, bíi kìlómítà 700 sókè. Èyí tí yóò gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti amóhùnmáwòrán gbọ́dọ̀ jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 36,000, níbi tí yóò ti máa bá ayé yí ní dọ́gba, tí yóò fi dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Ibẹ̀ kò ṣeé kàn lọ bẹ́ẹ̀. Àjọ àgbáyé kan ní Geneva ló ń ṣètò ẹni tí yóò wà ní ipò wo, kí ìró ẹnìkan má ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Bí ìsọ̀ ọjà ni ó rí: bí o bá gba ìsọ̀ tí o kò kó ọjà sí i fún ìgbà pípẹ́, ẹlòmíràn á fẹ́ gbà á.

Lẹ́yìn èyí, ta ni yóò kàn án, ọmọ wa mélòó ni yóò sì wà níbẹ̀ kọ́ṣẹ́? Rọ́kẹ́ẹ̀tì wo ni yóò gbé e? A gbọ́dọ̀ gba ààyè ṣáájú, nítorí àwọn sátẹ́láìtì kéékèèké máa ń jọ wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì kan bí èrò inú dánfó. Ta ni yóò san ìnṣọ́ránsì bó bá jóná? Ibo ni ibùdó orí ilẹ̀ tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ yóò wà, ta ni yóò sì máa jókòó tì í tọ̀sán tòru?

Èyí tó kẹ́yìn ni ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀ dunjú. Sátẹ́láìtì máa ń gbé epo tirẹ̀ dání tó fi ń dúró sípò rẹ̀. Bí epo náà bá tán, kò sí mẹkáníìkì tó lè lọ bu sí i. Nítorí náà, ọjọ́ tí a rán an sókè ni a ti mọ nǹkan bí ọjọ́ tí yóò sinmi. Ní wọ́ọ̀dù, a kì í dúró kí ìgò ọ́síjìn aláìsàn gbẹ tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀, ìgò kejì ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá sì ń lọ sílé gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, kí ó sọ ohun tó ti ṣe àti ohun tó kù.

Àdánù àti àrọ́pò

Ìtàn sátẹ́láìtì kejì fi hàn bí ètò tó dára ṣe ń gbani. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, ìjọba bá ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àdéhùn NigComSat-1, ti ìbánisọ̀rọ̀. Òmìrán ni, ó wúwo ju kílógíráàmù 5,000 lọ. Wọ́n rán an sókè láti Xichang ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, wọ́n sì dá ọdún 15 fún un. Kò lò tó ọdún méjì. Ẹ̀rọ tó ń fún un ní iná láti ara oòrùn bàjẹ́, ó sì dákẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ọ̀pọ̀ wa ló fi ṣe ẹlẹ́yà nígbà náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rántí ni pé ìnṣọ́ránsì wà. Wọ́n kan òmíràn, NigComSat-1R, láìgba owó tuntun lọ́wọ́ wa, wọ́n sì rán an sókè ní oṣù kejìlá ọdún 2011 láti rọ́pò èyí tó kú. Ẹni tó kọ ìnṣọ́ránsì sínú àdéhùn ní 2004 ló gbà wá lọ́wọ́ àdánù 2008. A kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún 2011 yìí kan náà ni ọdún tí ọwọ́ wa tíì ròkè jùlọ. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, rọ́kẹ́ẹ̀tì Dnepr gbé NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X sókè lẹ́ẹ̀kan náà láti Yasny ní Rọ́ṣíà. Ohun ìjà ogun ni Dnepr tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn án láti gbé bọ́ǹbù ni, kí wọ́n tó sọ ọ́ di arẹrù. NigeriaSat-2 lè rí ohun tó fẹ̀ tó mítà méjì ààbọ̀ péré. Ṣùgbọ́n NigeriaSat-X ló wú èmi lórí jù: àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà ló fi ọwọ́ ara wọn kàn án ní Guildford, gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn.

Ìlérí orí ìwé

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 2011? Ìwé ètò ọdún 25 kan wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 tí yóò parí ní 2030. Ó ní a ó ní arìnrìn-àjò òfurufú ní 2015, a ó kan sátẹ́láìtì nílé ní 2018, nígbà tó bá sì di 2030, a ó fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa gbé sátẹ́láìtì tiwa láti orí ilẹ̀ wa. Ọdún 2015 kọjá, kò sẹ́ni tó lọ. Ọdún 2018 kọjá, NASRDA kò rán sátẹ́láìtì kankan tí wọ́n kàn nílé sókè. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, Mínísítà ìbánisọ̀rọ̀ ìgbà náà, Adebayo Shittu, kéde àdéhùn mílíọ̀nù 550 dọ́là pẹ̀lú Ṣáínà fún sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ méjì. Ọdún ń gorí ọdún, a kò rí wọn lókè.

Kì í ṣe pé ohun gbogbo dúró o. Ní 2017, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ bá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Japan ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì kan Nigeria EduSat-1. Kò tóbi ju àpótí kékeré tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà gbé e lọ ní oṣù kẹfà, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti ibùdó òfurufú àgbáyé ní oṣù keje. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ṣe é, ohun àmúyangàn sì ni. Ní Ẹ̀pẹ́ náà, NASRDA ní ibùdó tó ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké wò.

Ẹ wá fi wé Àlùjíríà. Guildford kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, AlSAT-1 wọn lọ sókè ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, kò tó ọdún kan ṣáájú tiwa. Ní 2010, wọ́n rán òmíràn. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, mẹ́ta wọn ló lọ lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì Íńdíà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, wọ́n rán ti ìbánisọ̀rọ̀. Ìmọ̀ wọn kò ju tiwa lọ níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi jù wá ni pé bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èyí tó kàn ti ń gba ìmúrasílẹ̀.

Ibi tí àdánù wa gan-an wà nìyí. Ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe, yóò gbàgbé, tàbí kó lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Àwa nọ́ọ̀sì mọ ìtàn yẹn. Ẹ wo iye wa tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí nìkan. Owó tí a fi kọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní Guildford kò ní já sí nǹkan nílé bí kò bá sí iṣẹ́ kejì tó ń dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn

Mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Òtítọ́ wà lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan. Nígbà tí wọ́n ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà ní apá Àríwá, àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń lo máàpù tí wọ́n fi ọwọ́ yà. Àwọn abúlé kan kò sí lórí máàpù náà rárá, nítorí náà ọmọ ibẹ̀ kò rí oògùn. Ní nǹkan bí ọdún 2012 síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwòrán sátẹ́láìtì láti wá àwọn abúlé náà rí, kí wọ́n sì mọ ibi tí òṣìṣẹ́ dé àti ibi tí kò dé. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì kẹ́yìn. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, ẹ̀mí àwọn kan sì bá a lọ, ṣùgbọ́n ojú tó ń wo ilẹ̀ láti òkè wà lára rẹ̀.

Nítorí náà, sátẹ́láìtì àti ilé ìwòsàn kì í ṣe orogún. Àìsètò ló ń bá àwọn méjèèjì jà. Ìjọba tó ra ẹ̀rọ X-ray láìronú ẹni tí yóò tún un ṣe, òun náà ló ń rán sátẹ́láìtì sókè láìronú èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Èyí tó kàn

Ní ọdún 2025, ìjọba kéde pé Ààrẹ ti fọwọ́ sí sátẹ́láìtì mẹ́rin fún NASRDA. Mẹ́ta yóò máa ya àwòrán ilẹ̀. Ẹ̀kẹrin yóò máa fi rédà wo ilẹ̀. Ti rédà yìí ṣe pàtàkì fún ilé wa, nítorí àkókò òjò ni omíyalé ń ṣọṣẹ́, àkókò yẹn gan-an sì ni ìkùukùu máa ń dí kámẹ́rà lójú. Rédà kò ka ìkùukùu sí. Wọ́n tún kéde NigComSat-2A fún ọdún 2028, àti 2B fún ọdún 2029.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọdún 15 tí wọ́n dá fún NigComSat-1R ń pé ní oṣù kejìlá ọdún 2026. Nǹkan bí ọdún 7 ni wọ́n dá fún NigeriaSat-2, ìyẹn sì ti pé láti 2018. Lóòótọ́, sátẹ́láìtì máa ń lò kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un bí epo bá ṣẹ́kù, bí NigeriaSat-1 ti ṣe. Ṣùgbọ́n orí ire kì í ṣe ètò. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ọdún 15 ni a sì ti fi sọ ogun yìí tẹ́lẹ̀.

Kí ni àwa tí a wà lẹ́yìn odi lè ṣe? Àwọn aṣojú ìjọba máa ń wá bá wa ṣèpàdé. Dípò kí a kàn pàtẹ́wọ́ tàbí kí a pariwo, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: ẹ ti san owó ìkíní fún ẹni tí yóò kàn án? Ìnṣọ́ránsì wà níbẹ̀? Ọmọ wa mélòó ni yóò bá wọn kàn án? Ọdún wo ni ẹ ti kọ sílẹ̀ fún èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò àti ẹ̀rọ, ẹ má ṣe fi dókítà àti lọ́yà nìkan há wọn mọ́. Àwọn ará wa tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí níhìn-ín náà, bí ẹ bá ń lọ fún ìsinmi, ẹ yà ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Àkúrẹ́ kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn náà jẹ́ fífi iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

Igi gànǹgàn-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó láti ìsinsìnyí. Kò ní gún wa lójú o. Àṣẹ.